Ṣé Òótọ́ Ni Pé Eegun Obìnrin Dúdú Kì Í Ṣẹ́?

Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ló gbà pé àìsàn òyìnbó ni kí eegun máa fúyẹ́. Bí ìyá àgbà bá ń kúrú sí i, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń tẹ̀, ohun tí a máa ń sọ ni pé: “Ọjọ́ ogbó ló dé.” Àwa nìkan kọ́ la rò bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣègùn náà rò ó nígbà kan, ìlú Johannesburg ní Gúúsù Áfíríkà sì wà lára ibi tí wọ́n ti rí ohun tí wọ́n fi gbé èrò náà lẹ́sẹ̀.

Ní ọdún 1968, Louis Solomon, oníṣègùn eegun kan, gbé ìwádìí jáde pé ó ṣọ̀wọ́n kí eegun ìgbáròkó ṣẹ́ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Johannesburg, bí a bá fi wọ́n wé òyìnbó. Ohun tó rí ló sọ. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wá ń sọ ọ́ bí ẹni pé eegun obìnrin dúdú kì í ṣẹ́ rárá. Ìwádìí tó jáde ní 2017 láti agbègbè Durban fi hàn pé eegun ìgbáròkó àwọn àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú ń ṣẹ́ ju bí wọ́n ti rò tẹ́lẹ̀ lọ. Ní Cape Town pẹ̀lú, àwọn oníṣègùn rí i pé eegun ẹ̀yìn àwọn ìyá aláwọ̀ dúdú ń ṣẹ́ bíi ti àwọn aláwọ̀ funfun.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú eegun

Eegun kì í ṣe igi gbígbẹ. Ohun alààyè ni. Ojoojúmọ́ ni ara ń wó eyí tó ti gbó, tó sì ń kọ́ tuntun dípò rẹ̀. Omi ìsúnniṣe tí wọ́n ń pè ní estrogen ni kì í jẹ́ kí wíwó yára ju kíkọ́ lọ. Bí obìnrin bá ń sún mọ́ nǹkan bí àádọ́ta ọdún, tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń ṣe ségesège, estrogen á máa dín kù. Bí ọdún kan gbáko bá kọjá tí kò rí nǹkan oṣù, ó ti dáwọ́ dúró nìyẹn. Láàárín ọdún márùn-ún sí méje tó tẹ̀ lé e, obìnrin míì lè pàdánù tó ìdá kan nínú márùn-ún eegun rẹ̀.

Inú eegun dà bí afárá oyin. Bó bá ń fúyẹ́, ńṣe ni àwọn ihò inú rẹ̀ ń fẹ̀ sí i, kò sì ní dun ẹni tó ni ín. Ọjọ́ tí ìyá bá yọ̀ ṣubú nílé ìdáná ni wọ́n máa ń mọ̀. Ọrùn ọwọ́, eegun ẹ̀yìn àti ìgbáròkó ló sábà máa ń ṣẹ́. Osteoporosis ni àwọn oníṣègùn ń pè é.

Oòrùn nìkan kò tó

Àwọn kan máa ń sọ pé oòrùn ilẹ̀ wa tó fún eegun wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Pettifor, tó ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Chris Hani Baragwanath ní Soweto, wà lára àwọn tó ṣèwádìí nípa àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ nítorí àìlera eegun. Èsì ìwádìí náà jáde ní 1999: àwọn ọmọ tí wọ́n fún ní calcium sàn ju àwọn tí wọ́n fún ní fítámì D nìkan lọ. Oòrùn ń fún wa ní fítámì D lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú oúnjẹ ni calcium ti ń wá.

Ní Soweto kan náà, àwọn olùṣèwádìí rí i pé eegun obìnrin lè fúyẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tó bá bẹ̀rẹ̀ oògùn HIV. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí pa oògùn rẹ̀ tì o! Ẹ̀mí ló ń dá sí. Kí ó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa eegun rẹ̀ ni.

Ohun tí ìdílé lè ṣe

Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún nílò nǹkan bíi 1,200 mílígíráàmù calcium lóòjọ́. Ife wàrà kan ní nǹkan bí 300. Ẹ tún lè rí i nínú wàràkàṣì, ẹ̀fọ́ àti ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ teegunteegun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Johannesburg, amasi àti ẹja pilchard inú agolo kò jìnnà sí yín.

Ẹ máa rìn, ẹ máa gun àtẹ̀gùn, ẹ máa gbé ẹrù tí agbára yín ká. Ẹ yẹra fún sìgá àti ọtí àmujù. Ẹ tan iná sí ọ̀nà ilé ìwẹ̀ lóru, ẹ sì kó rọ́ọ̀gì tó lè yọ ìyá ṣubú kúrò nílẹ̀.

Bí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró kí obìnrin tó pé ọdún márùndínláàádọ́ta, bí eegun rẹ̀ bá ṣẹ́ nítorí ìṣubú kékeré, bí ìyá tó bí i bá ti ṣẹ́ ní ìgbáròkó rí, tàbí tó bá ń kúrú sí i, kí ó lọ bi dókítà bóyá ó yẹ kí wọ́n wọn eegun òun. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n kì í dunni. Oògùn tó ń ran eegun lọ́wọ́ sì wà.

Kí a má sì gbàgbé àwọn ọmọbìnrin wa. Nígbà tí èèyàn bá fi máa tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ó ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú eegun rẹ̀ jọ. Ohun tí ọmọ bá kó jọ lónìí ni yóò máa ná lọ́jọ́ alẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ń bu wàrà fún ìyá, ẹ bu fún ọmọ náà.