Ṣé Lóòótọ́ Ni Ara Ọmọ Yìí Kọ Amoxicillin?

Ọmọ 818 ni wọ́n yẹ̀ wò nílé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Montreal, ní Kánádà, torí wọ́n ní amoxicillin, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, kì í bá wọn lára mu. Wọ́n fún gbogbo wọn ní oògùn náà. Nínú ọgọ́rùn-ún, ó lé ní 94 tí nǹkan kan kò ṣe. Ọdún 2016 ni èsì yẹn jáde.

Kí ló wá fa ara sísú tí ìyá fojú ara rẹ̀ rí lẹ́yìn tí ọmọ lo oògùn náà? Lọ́pọ̀ ìgbà, àìsàn tí wọ́n torí ẹ̀ lo oògùn ni. Fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ibà àti ọ̀fìnkìn lè mú kí ara ọmọ tí kò fẹnu kan oògùn kankan sú. Amoxicillin ló wà nítòsí, òun ni ẹ̀bi já lé lórí.

Ìdí nìyẹn tí dókítà tó mọṣẹ́ fi máa ń kọ́kọ́ béèrè pé ìgbà wo lara sú. Bí ètè bá wú, tí ọmọ ń mí gúlegúle láàárín wákàtí kan tó lo oògùn, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ti ọmọ tí ara rẹ̀ sú lọ́jọ́ karùn-ún tó ṣì ń ṣeré. Ẹ má sì dúró de kí ara pọ́n o: lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n kì í tètè hàn. Ẹ fọwọ́ pa á, ẹ ó mọ ibi tó wú.

Abẹ́rẹ́ ìdánwò tí wọ́n ń gún sí awọ ara kò tó gbára lé. Nínú ọmọ 17 tí ara wọn fèsì lójú ẹsẹ̀ ní Montreal, ẹyọ kan péré ló mú. Oògùn náà gan-an ni ìdánwò: wọ́n á fún ọmọ ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n tó yẹ ẹ́, wọ́n á dúró bí ogún ìṣẹ́jú, wọ́n á fún un ní ìyókù, wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ fún wákàtí kan, ó kéré tán. Ilé ìwòsàn tí adrenaline, ìyẹn oògùn pàjáwìrì, wà nílẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é, kì í ṣe pálọ̀ ìyá àgbà. Ọmọ tí oògùn ti mú kí awọ ara rẹ̀ bó rí, tàbí tí ẹnu rẹ̀ di egbò, kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn rárá.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ni bí wọ́n bá kọ ọ́ sórí káàdì ọmọ nílé ìwòsàn pé ara rẹ̀ kọ amoxicillin. Dókítà tó bá rí i á wá oògùn mìíràn, tó sábà máa ń wọ́n jù, tó sì ń pa kòkòrò rere inú ìfun pọ̀ mọ́ búburú. Àwọn kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé torí pé ara bàbá wọn kọ oògùn náà ni wọ́n ṣe kọ ọ́ fún wọn, bẹ́ẹ̀ ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Bí ọmọ bá yege ìdánwò, ẹ rí i pé wọ́n fagi lé ohun tí wọ́n kọ sórí káàdì náà, kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹni tó ń ta oògùn fún yín ládùúgbò.