Inú àpò ni kámẹ́rà púpọ̀ ti ń bàjẹ́: ohun tó yẹ kí ayàwòrán ilẹ̀ Yewa mọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fọ́tò ní Ìlaròó tàbí Ayétòrò, owó kámẹ́rà ló kọ́kọ́ ń wá. Owó tó bá ṣẹ́kù ló fi ń ra àpò àti okùn, tàbí kó fara mọ́ èyí tí ọlọ́jà bá fi ṣe èènì. Àmọ́ lágbègbè tiwa yìí, iṣẹ́ òde kọ́ ló ń pa kámẹ́rà jù. Ọ̀nà tó ń gbà dé òde náà àti ibi tó ń sùn lẹ́yìn iṣẹ́ ló ń pa á. Ẹni tó bá mọ èyí yóò tọ́jú owó rẹ̀ ju ẹni tó ń lé kámẹ́rà tuntun kiri lọ.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ náà fi le lásìkò yìí?

Owó ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti pinnu. Dọ́là kan tí kò tó 500 náírà ní báńkì nígbà náà ti kọjá 1,400 kí ọdún kan tó pé. Òkè òkun ni gbogbo kámẹ́rà àti lẹ́ńsì ti ń wá, nítorí náà owó wọn gbéra pẹ̀lú dọ́là. Èyí tó bàjẹ́ lónìí, ó ṣòro kí olówó rẹ̀ tó rí irú rẹ̀ rà padà.

Ọ̀pọ̀ ti yíjú sí tòkunbọ̀, yálà láti Èkó tàbí láti Kútọnu. Ẹnubodè Ìdí-Ìrókò pàápàá wà ní títì láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kẹrin 2022, èyí sì kọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ẹkùn yìí pé ohun tó wà lọ́wọ́ ni ká tọ́jú.

Kí ni ọ̀rinrin ń ṣe fún lẹ́ńsì?

Fọ́ńgọ́ọ̀sì, irú èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́ nílé, a máa hù lára dígí lẹ́ńsì náà. Èso rẹ̀ tí ojú kò lè rí wà nínú afẹ́fẹ́ níbi gbogbo. Ibi tó ṣókùnkùn, tí atẹ́gùn kì í fẹ́ dé, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ju ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ló ń wá. Àpò kámẹ́rà tí a fa síìpù rẹ̀ pa, tí a tì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti Sátidé kan dé èkejì lásìkò òjò, kò yàtọ̀ síbẹ̀. Fóòmù àti aṣọ inú àpò náà a máa mu omi, awọ a sì máa mú un pẹ́.

Bí fọ́ńgọ́ọ̀sì bá ti rìn sára dígí, á máa tu ásíìdì tó ń jẹ ohun tí wọ́n fi kun dígí náà kí ìmọ́lẹ̀ má baà ta padà. Bí a bá tètè rí i, ẹni tó mọṣẹ́ lè tú lẹ́ńsì náà kó sì nù ún. Bí ó bá ti jẹ wọnú dígí, àpá rẹ̀ kò ní lọ mọ́.

Òru Ẹ̀fẹ̀, tó ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ni ìdánwò tó le jù. Ọdún 2001 ni UNESCO polongo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún gbogbo ayé, ó sì wọ ìwé àjogúnbá wọn ní 2008 lórúkọ Nàìjíríà, Benin àti Togo. Lóru ni Ẹ̀fẹ̀ ń kọrin, tí ìrì ń sẹ̀. Lọ́sàn-án ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń jó, tí ẹsẹ̀ ń ru erùpẹ̀ pupa sókè. Kámẹ́rà kan náà ni ìrì àti eruku yóò bá. Ayàwòrán tó bá ti ibẹ̀ dé, tó gbé kámẹ́rà tútù sínú àpò tó sì pa á dé, omi ló pa mọ́ ọn nínú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ amúlétutù. Kámẹ́rà tó bá ti yàrá tútù bọ́ sínú ooru ìta, omi á ṣẹ́ jọ sára rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ dì í sínú ọ̀rá kí ẹ tó gbé e jáde, kí ẹ sì dúró kí ara rẹ̀ gbóná kí ẹ tó tú u.

Eruku ńkọ́?

Ọyẹ́ ń gbé eruku wá láti Sàhárà, pàápàá láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad. Eruku yìí àti erùpẹ̀ ojú ọ̀nà wa ní òkúta kan nínú tí wọ́n ń pè ní quartz. Nínú òṣùwọ̀n líle tí Friedrich Mohs gbé kalẹ̀ ní 1812, 7 ni quartz. Dígí kò ju nǹkan bí 5 sí 6 lọ. Ẹni tó bá fi etí bùbá nu lẹ́ńsì eléruku ń fi òkúta ha dígí ni. Ẹ fi rọ́bà afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku náà kúrò ná, kí ẹ tó fi aṣọ rírọ̀ kàn án.

Lẹ́ńsì tó ń gùn tó sì ń kúrú a máa fa afẹ́fẹ́ sínú bí a ti ń yí i. Eruku tó bá bá a wọlé tó sì bà lé ojú tí kámẹ́rà fi ń gba àwòrán, á yọ bí àmì dúdú lójú ọ̀run tàbí lórí agbádá funfun, pàápàá nígbà tí a bá dín ihò lẹ́ńsì kù.

Ṣé ọ̀kadà lè ba kámẹ́rà jẹ́?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní oṣù kẹsàn-án 2021, ilé iṣẹ́ Apple kìlọ̀ fún àwọn tó ń lo iPhone pé gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì alùpùpù ńlá lè ba ohun tó ń mú kámẹ́rà fóònù wọn dúró déédéé jẹ́. Irú ohun bẹ́ẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì òde òní. Lẹ́yìn ìyẹn, gbígbọ̀n a máa tú síkúrù, tàbí kó yẹ dígí kúrò nípò.

Ẹ má ṣe so àpò mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà tàbí gbé e lé táǹkì. Ẹ̀yìn ẹni tó jókòó ló yẹ kó wà, nítorí ara èèyàn a máa gba gbígbọ̀n náà mọ́ra. Fóòmù inú àpò gbọ́dọ̀ fún kámẹ́rà mọ́ra, kí lẹ́ńsì kan má sì kan èkejì.

Ọrùn ta ni yóò rù ú?

Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n sọ ní Fátúmbí nígbà tó di babaláwo ní Kétu ní 1953, kámẹ́rà Rolleiflex ló gbé kọ́ àyà rìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Àwòrán 12 péré ni fíìmù rẹ̀ ń gbà. Lónìí, kámẹ́rà Canon 5D Mark IV wọ̀n nǹkan bí 890 gíráàmù. Bí a bá fi lẹ́ńsì 70-200 tí ihò rẹ̀ gbòòrò kún un, àpapọ̀ rẹ̀ kọjá kílò méjì. Ẹni tó gbé méjì láti ìdáná di àṣálẹ́ ti ru nǹkan bí kílò márùn-ún. Bí ó bá jẹ́ okùn ọrùn ni, eegun ọrùn nìkan ló gba gbogbo rẹ̀. Okùn tó gba èjìká kọjá sí ìbàdí a máa pín ẹrù náà.

Síkúrù ìsàlẹ̀ kámẹ́rà ni irú okùn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń so mọ́, síkúrù náà sì máa ń tú díẹ̀díẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní gbogbo òde. Ẹ so okùn kékeré kejì mọ́ ara kámẹ́rà, kó lè gbà á bí síkúrù bá tú.

Kí ni oníbàárà lè ṣe lọ́jà?

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì gba inú lẹ́ńsì tòkunbọ̀ kọjá. Fọ́ńgọ́ọ̀sì á yọ bí òwú aláǹtakùn. Ẹ fa okùn àpò kẹ́ ẹ wo ibi tí wọ́n ti rán an. Bí ẹ bá ra káàdì mẹ́mórì, ẹ fi kọ̀ǹpútà dán an wò pẹ̀lú ètò tí wọ́n ń pè ní H2testw tàbí F3, nítorí ayédèrú wà tí wọ́n kọ 128GB sí lára, tí ohun tó gbà kò sì tó nǹkan. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 sọ pé ọlọ́jà gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọjà kan ti jẹ́ àlòkù tàbí àtúnṣe, ó sì fún ẹni tó ra ọjà alábùkù lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà. Ẹ gba rìsíìtì, nítorí òun ni ẹ̀rí yín.

Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ yọ owó àpò sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó dúnàádúrà kámẹ́rà. Ẹ wá ike oúnjẹ tó ní rọ́bà lẹ́nu, kẹ́ ẹ fi pákẹ́ẹ̀tì afamimu sínú rẹ̀, irú èyí tó ń wà nínú páálí bàtà tuntun. Inú rẹ̀ ni kí kámẹ́rà máa sùn. Àpò ní tiẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí, kó gba oòrùn. Ọ̀rinrin bí ìdá 40 sí 50 ló dára fún lẹ́ńsì, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọ̀n ọ́n kò sì wọ́n tó bátìrì kámẹ́rà kan.

Ẹgbẹ́ ayàwòrán ìlú kọ̀ọ̀kan tún lè dáwó ra àpótí gbígbẹ kan fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Kò sí ẹni tó lè tún òde àná yà. Bí kámẹ́rà bá ṣíwọ́ lójú agbo, owó oníṣẹ́ nìkan kọ́ ló lọ: àwòrán ìyàwó, ti àgbàlagbà tó jó kẹ́yìn, ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ọdún náà ló bá a lọ. Ìdí nìyí tí owó àpò fi jẹ́ ara owó iṣẹ́.