Bàbá Kúùpè, ọkọ̀ àtijọ́ àti ìgò mínírà orí àtẹ̀gùn

Bí ẹ bá gba ọ̀nà ọjà Sandgrouse wọ Lafiaji lọ́jọ́ Sátidé, tí ẹ sì bi àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù pé níbo ni ilé Bàbá Kúùpè wà, wọn kò ní í jẹ́ kí ẹ sọ ọ́ tán kí wọ́n tó nawọ́ sí i. Àbúrò bàbá mi ni. Kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ nìyẹn o, ọkọ̀ rẹ̀ ló fún un lórúkọ náà. Peugeot 504 onílẹ̀kùn méjì ni ọkọ̀ ọ̀hún, ó sì ti lé ní ogójì ọdún tó ti wà lọ́wọ́ wọn. Bàbá fúnra wọn ti di ẹni ọdún 73.

Ẹ̀yin àgbà yóò rántí. 504 tí gbogbo wa mọ̀, èyí tí iléeṣẹ́ PAN ń tò pọ̀ ní Kaduna láti ọdún 1975, ọkọ̀ ọ̀gá ìjọba àti ọkọ̀ èrò ni. Kúùpè yàtọ̀ sí i. Iléeṣẹ́ Pininfarina ní Ítálì ló ya àwòrán ara rẹ̀, ọdún 1969 ló jáde, wọ́n sì ṣíwọ́ ṣíṣe é lọ́dún 1983. Irú rẹ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì V6 ni Jean-Pierre Nicolas fi gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari Rally ní Kenya lọ́dún 1978. Bí ẹ bá fẹ́ kí Bàbá gbàgbé oúnjẹ tó wà níwájú wọn, ẹ bi wọ́n léèrè nípa ìdíje yẹn.

Kò sí gáréèjì nílé wọn. Ta ló ń wá gáréèjì ní Lafiaji, níbi tí ògiri ilé kan ti fara ti ògiri ilé kejì? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ ni ọkọ̀ ń gbé, láàárín àtẹ̀gùn àti yàrá ayálégbé kan, géètì irin sì wà níwájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni Bàbá ti ń tún un ṣe fúnra wọn. Wọ́n ní àwọn mẹkáníìkì ìwòyí, kọ̀ǹpútà ni wọ́n mọ̀ ọ́n tẹ̀, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń tún kábúrétọ̀ ṣe. N kò bá wọn jiyàn, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ ń jẹ́ kí ara àgbà yá. Ohun tó mú mi kọ èyí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ Sátidé kan.

Bàbá fẹ́ fọ kábúrétọ̀. Wọ́n ti rọ́bà bọ inú táǹkì, wọ́n fi ẹnu fa bẹntiróòlù, wọ́n tu èyí tó kan wọ́n lẹ́nu dànù, wọ́n sì dá ìyókù sínú ìgò mínírà. Orí àtẹ̀gùn ni wọ́n gbé ìgò náà sí nígbà tí fóònù dún. Ọmọ-ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́ta, sọ̀ kalẹ̀ wá, ó rí ìgò tó mọ̀ dáadáa, ó sì gbé e sẹ́nu.

Ikọ́ ló ta wá jí. Ìyá àgbà ti sáré gbé epo pupa dé, wọ́n ti ya ọmọ lẹ́nu, kí obìnrin ayálégbé tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó pariwo pé, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un!" Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú sí i. Epo pupa ni wọ́n fi tọ́ gbogbo ọmọ wọn, kí ni ọmọ kékeré yìí mọ̀?

Ohun tó mọ̀ rèé, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Bí ọmọ bá gbé bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì mì, kì í ṣe inú ikùn ló ti ń ṣe jàǹbá tó burú jù, inú ẹ̀dọ̀fóró ni. Ó fúyẹ́, ó sì ń yọ̀ ju omi lọ. Bí ọmọ bá ń bì í, ìwọ̀nba díẹ̀ lè yà sí ọ̀nà èémí, ìwọ̀nba náà sì tó láti mú kí ẹ̀dọ̀fóró wú, kí mímí sì di ogun. Epo pupa ń mú kí ọmọ bì, bẹ́ẹ̀ náà ni omi iyọ̀ àti ìka tí a bá tì bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun. Wàrà kì í pa agbára rẹ̀ rárá. Ẹ bọ́ aṣọ tí bẹntiróòlù bá dà sí kúrò lára rẹ̀, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ara rẹ̀, ẹ gbé e jókòó dáadáa, ẹ mú ìgò náà dání, kí ẹ sì máa lọ sílé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn ará Erékùṣù ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé nítòsí, ní Massey Street. Ẹni tí kò bá rí ọkọ̀ lè pe 767 tàbí 112 ní Èkó. Bí ọmọ bá tiẹ̀ ti ń ṣeré, ẹ má ṣe torí ìyẹn padà sílé, nítorí wákàtí mélòó kan lè kọjá kí ikọ́ àti èémí sáré-sáré tó bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n dá ọmọ tiwa dúró di ọjọ́ kejì, wọ́n ń wo mímí rẹ̀. Bàbá kò sùn. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì níta, àbààwọ́n ọ́ìlì ṣì wà ní èékánná wọn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fojú mìíràn wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà bẹntiróòlù kan fò láti nǹkan bíi náírà 185 kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọ̀pọ̀ ilé ló bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú epo sínú kẹ́ẹ̀gì. Bàbá náà ní méjì lábẹ́ àtẹ̀gùn. Oru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rá kiri, ó sì lè rá dé ibi tí sítóòfù ìyàwó ilé wà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. A kó méjèèjì jáde. Èyí tí wọ́n ń fi ẹnu fà náà, Bàbá ti jáwọ́. Rọ́bà tó ní bọ́ọ̀lù ìfami láàárín ni wọ́n ń lò báyìí.

Ìyàwó ayálégbé tún sọ ohun kan fún mi. Ó ní gbogbo ìgbà tí Bàbá bá ta ọkọ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè gbóná, orí a máa fọ́ òun, òòyì a máa kọ́ òun, èébì a sì máa gbé òun. Ó ti lo oògùn ibà títí. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé ọjà, ara rẹ̀ a dá. Èéfín ni, kì í ṣe ibà. Gáàsì carbon monoxide inú rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn a máa dì mọ́ ọn ju bó ṣe ń dì mọ́ afẹ́fẹ́ tí a ń mí lọ, ní ìlọ́po tó lé ní igba. Ọkọ̀ àtijọ́ bíi ti Bàbá kò ní ẹ̀rọ tó ń sẹ́ èéfín, nítorí náà tirẹ̀ pọ̀ ju ti ọkọ̀ òde òní lọ. Ọmọdé, aláboyún àti àgbàlagbà tí ọkàn rẹ̀ kò le ló máa ń tètè mú. Géètì tí a ṣí sílẹ̀ kò tó. Wọ́n máa ń ti ọkọ̀ sí ojú títì kí wọ́n tó ta á.

Lórí jáàkì, èmi àti Bàbá jà díẹ̀. Jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀ sókè, kò wà fún dídì í mú lórí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì tí Bàbá ń lò máa ń fọ́ lójijì láìkìlọ̀. Ẹsẹ̀ irin méjì la rà, a sì ń fi igi há àwọn táyà tó kù. Ohun mìíràn tún wà fún àwa tí à ń gbé Erékùṣù: afẹ́fẹ́ iyọ̀ ti jẹ abẹ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, jáàkì sì lè lu ibi tó ti dípẹtà já. Ẹ fi òòlù kan ibẹ̀ wò kí ẹ tó gbé e.

Bátìrì tó ti kú ńkọ́? Mẹ́ta ni mo bá lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òjé ló kún inú wọn. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, ọmọdé 18 ló kú láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 sí oṣù kẹta ọdún 2008, nítorí òjé láti inú bátìrì tí wọ́n ń tú ní àdúgbò wọn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ bátìrì nínú ọgbà yín. Bí omi rẹ̀ bá ta sójú, omi tó mọ́ ni kí ẹ máa dà sí i fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ tó lọ rí dókítà.

Eruku bíréèkì kò ṣeé fi ẹnu fẹ́. Ọ̀pọ̀ páàdì àtijọ́ ní asbestos nínú, èyí tó lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún. Ómi bíréèkì náà máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún méjì-méjì. Ní ti táyà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT lára rẹ̀: 2315 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2015. Ti Bàbá jẹ́ 1409, ojú rẹ̀ sì ń dán bíi tuntun. Ó tó ìjà kí wọ́n tó gbà láti yọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má ṣe dìde lójijì lẹ́yìn tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ́ sórí ẹ́ńjìnnì. Òòyì lè gbé yín lulẹ̀. Bàbá ti gbé àpótí ìjókòó kan síbẹ̀. Ọmọ-ọmọ wọn náà ní tirẹ̀, lẹ́yìn okùn pupa tí wọ́n ta kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ kọjá a.

Lọ́jọ́ tí mo kúrò níbẹ̀ kẹ́yìn, wọ́n fi rọ́bà epo kan hàn mí tó ti ń sán. Wọ́n ní bí mo bá ń lọ sí Ládípọ̀, kí n bá wọn ra mítà méjì, ojúlówó o, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń lò fún omi.