Ta Ló Yàn, Ta Ló Sanwó Rẹ̀?

Ní ọdún 1975, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, bàbá mi a máa kó àwọn ẹ̀gbọ́n mi lọ sí etíkun Bar Beach kí wọ́n lọ wo iná ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ní iná náà pọ̀ lórí òkun bí ẹni pé wọ́n tẹ ìlú mìíràn dó sí iwájú Èkó. Ọkọ̀ tó lé ní 400 ló dúró síbẹ̀ tí wọn ò ráyè wọ èbúté Àpápá, sìmẹ́ńtì ló sì kún inú ọ̀pọ̀ wọn.

Tálì kíláàkì ni bàbá mi ní wáàfù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ka ẹrù bí wọ́n bá ti ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí náà ó mọ iye àpò tí àwọn òṣìṣẹ́ lè kó kúrò nínú ọkọ̀ kan láti àárọ̀ di alẹ́. Nígbà tí àwọn aládùúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀ bá ń ṣe háà, tí wọ́n ń sọ pé Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tó kó gbogbo ọkọ̀ yìí dé, èsì kan náà ló máa ń fún wọn: "Ọlọ́run ò fọwọ́ sí ìwé kankan o. Èèyàn ló fọwọ́ sí i."

Òótọ́ ló sọ. Owó epo rọ̀bì ń ya wọlé lásìkò náà, ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon sì fẹ́ kọ́lé, kó la ọ̀nà, kó kọ́ bárékè fún àwọn sójà. Wọ́n ṣe àdéhùn 109 pẹ̀lú oníṣòwò 68 láti ra sìmẹ́ńtì tó ju mílíọ̀nù 16 tọ́ọ̀nù lọ. Díẹ̀ kín-ún nínú rẹ̀ ni èbúté Èkó lè gbà láàárín ọdún kan. Ìṣirò tí tálì kíláàkì lè fi bírò ṣe sẹ́yìn páálí sìgá ni. Àdéhùn àkọ́kọ́ kò bàjẹ́, ìkejì náà kò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fọwọ́ sí ìkọkàndínláàádọ́fà ní àkókò láti béèrè pé ibo ni wọn yóò já a sí.

Ẹ wá wo àwọn tó san gbèsè náà. Gbogbo ọjọ́ tí ọkọ̀ bá fi dúró lórí omi, owó ìdádúró ń gorí owó. Dímọ́réèjì là ń pè é níhìn-ín, àpò ìjọba ló sì ń ti jáde, ìyẹn àpò èmi àti ẹ̀yin. Àwọn ọkọ̀ tó kó ọjà mìíràn náà tò sẹ́yìn oní-sìmẹ́ńtì, ẹni tó ń retí ẹrù rẹ̀ ní ọjà Bọ́ńdárì ní Ajégúnlẹ̀ sì ń retí títí. Wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ Gowon ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún náà. Ìjọba Murtala Muhammed tó tẹ̀lé e gbìyànjú láti jáwọ́ nínú àwọn àdéhùn, àwọn oníṣòwò sì gbé Báńkì Àpapọ̀ wa lọ sílé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Lọ́ńdọ̀nù dá ẹjọ́ ilé iṣẹ́ Trendtex ní 1977, ó sì ní báńkì náà kò lè sá sábẹ́ ààbò pé ti ìjọba lòun. Ẹjọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn, Verlinden, dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní 1983. Ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ sí ìwé ti wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èbúté Tin Can tí gbogbo wa mọ̀ lónìí, ìdààmú yẹn ló mú kí wọ́n sáré kọ́ ọ. Wọ́n ṣí i ní 1977.

Èmi náà jogún wáàfù. Ajẹ́ńtì ni mí, mo ń bá àwọn oníṣòwò kílíà ẹrù. Àwa obìnrin ò pọ̀ nídìí iṣẹ́ náà, àwọn dírẹ́bà sì ń pè mí ní Mọ́mì. Iṣẹ́ yìí ni kò jẹ́ kí n gba òwe kan gbọ́ tán mọ́, èyí tó ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ní Àpápá, àgbà á jẹ ẹ́ tán, á nu ẹnu, á sì gbé igbá lé ọmọ ọlọ́mọ lórí.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àyànmọ́ fi máa ń ká mi lára. N kò sọ pé irọ́ ni. Ẹni tí wọ́n bí sí ẹ̀gbẹ́ kànáàlì ní Ajégúnlẹ̀, tí òjò ń wọ yàrá wọn lọ́dọọdún, kò yan ibẹ̀, kò yan ìyá, kò yan bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ padà sí ìtàn Àjàlá bí àwọn babaláwo ṣe ń sọ ọ́, ẹ ó rí i pé kò dá èèyàn dúró bí igi. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń bọ̀ láyé, wọ́n fẹ́ lọ yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tí ń mọ orí. Oríṣẹ̀ẹ́kú àti Orílẹ̀ẹ́mẹ̀rẹ̀ yára, wọn ò bá onílé nílé, wọ́n bá mú èyí tó dára lójú wọn. Òjò ni wọ́n bá pàdé lọ́nà, òjò pa orí náà títí ó fi yìnrìn. Ẹnì kẹta wọn, Afùwàpẹ́, ti yà nílé Ọ̀rúnmìlà bàbá rẹ̀. Wọ́n dífá fún un, ó rúbọ, ó mú owó àti iyọ̀ dání. Nígbà tó dé ilé Àjàlá, ó bá olówó kan tó wá sin gbèsè, Àjàlá fúnra rẹ̀ sì ti sá gun òkè àjà. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó bá a yan orí tó dára.

Ohun tí mo rí nínú ìtàn náà, tí àwọn tó fẹ́ràn láti máa pe àyànmọ́ kì í dúró wò, ni pé àwọn méjì tí òjò pa orí wọn kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Afùwàpẹ́ béèrè, ó sì tọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀ sanwó. Níhìn-ín, àpò ẹlòmíràn là ń tọwọ́ bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mò ń rí lẹ́nu iṣẹ́ hàn yín. Kọ̀ǹténà ní ihò ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nísàlẹ̀. Irin mẹ́rin wà lórí bẹ́ẹ̀dì tírélà tó ń wọ inú ihò yìí. Tí wọ́n bá yí irin náà, kọ̀ǹténà ti di ọ̀kan pẹ̀lú ọkọ̀. Twist lock ni orúkọ rẹ̀. Àwa ń pè é ní lọ́ọ̀kì. Yíyí rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹténà ló ń jáde ní Àpápá láìtì, tó jẹ́ pé wíwúwo rẹ̀ nìkan ló mú un dúró.

Mo bi dírẹ́bà kan tó fẹ́ gbé ẹrù mi pé kí ló dé. Kò tijú rárá.

"Mọ́mì, tí mo bá tì í, tó bá fẹ́ ṣubú, á fa hẹ́ẹ̀dì mi lọ. Tí mi ò bá tì í, òun nìkan ni á já bọ́."

"Á já bọ́ sórí ta ni?"

"Ọlọ́run ò ní jẹ́."

Ẹrù mi kò bá a lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó sọ yẹn dáadáa. Ó ti ṣírò: ọkọ̀ ọ̀gá rẹ̀ sí apá kan, ẹni tí kò mọ̀ rí sí apá kejì. Ó ti yàn kó tó tan ẹ́ńjìnnì.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, kọ̀ǹténà já bọ́ láti orí bíríìjì Ojúẹlẹ́gba sórí ọkọ̀ kan, èèyàn mẹ́ta kú. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní 2023, òmíràn já bọ́ ní Ojúẹlẹ́gba kan náà, ó tẹ bọ́ọ̀sì akérò pa, èèyàn mẹ́sàn-án ló kú. Àwọn wọ̀nyẹn yan ohun kan ṣoṣo, pé kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi tí wọ́n ń lọ. Ṣé àwọn náà la ó sọ fún pé ohun tí wọ́n gbìn ni wọ́n ká? Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ ní Bọ́ńdárì lọ́sẹ̀ náà ni pé ọjọ́ ti pé, kádàrá ni. Kádàrá tí èèyàn ì bá fi ọwọ́ yí ní ìṣẹ́jú márùn-ún!

Àwọn àfáà tiwa gan-an kì í fi kádàrá bo irú èyí. Wọ́n máa ń sọ ìtàn ọkùnrin tó bi Ànábì bóyá kí òun so ràkúnmí òun ni, tàbí kí òun tú u sílẹ̀ kí òun fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ànábì ní kó so ó ná, kó tó wá gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run.

Ẹnì kan lè ní mo ń di ẹ̀bi ru dírẹ́bà. Mo mọ ayé wọn. Iye ìrìn àjò tí wọ́n bá rìn ni wọ́n fi ń gbowó. Kí wọ́n tó gbé ètò fífi íntánẹ́ẹ̀tì pe ọkọ̀ wọ èbúté kalẹ̀ ní 2021, àwọn kan ń sùn lórí bíríìjì fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, wọ́n ń wẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, wọ́n sì ń kó owó oúnjẹ wọn fún àwọn tó ní kí wọ́n sanwó kí wọ́n tó sún síwájú. Tírélà mìíràn tiẹ̀ wà tí lọ́ọ̀kì rẹ̀ ti kán tàbí tí wọ́n ti gé e dànù, kí ni dírẹ́bà fẹ́ yí? Ìgbà yẹn, ìpinnu ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti dé ọwọ́ ọlọ́kọ̀ tí kò tún un ṣe, ó dé ọwọ́ ẹni tó ṣí géètì fún un, ó dé ọwọ́ ajẹ́ńtì tó pè é, ó sì dé ọwọ́ oníṣòwò tó ní ọkọ̀ tí owó rẹ̀ bá kéré jù lọ ni òun fẹ́. Bí ó ti ń kọjá lọ́wọ́ ẹnì kan dé ẹnì kejì, ó ń fúyẹ́ sí i, títí tí kò fi sí ẹni tó gbà pé òun lòun ṣe é. Bí wọ́n ṣe fọwọ́ sí àdéhùn 109 náà nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹrù lórí omi báyìí, mo bẹ̀ yín. Kí ẹ tó fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí ajẹ́ńtì yín, ẹ ní kó ya fọ́tò lọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́ sí yín kí tírélà tó jáde. Tó bá ní kò sí àyè fún irú ìyẹn, ẹ wá ajẹ́ńtì mìíràn. A pọ̀ ní Àpápá.