Fídíò Dróònù: Ẹ Má Torí "4K" Nìkan Sanwó

Ẹ̀yin ará wa ní Woolwich àti Thamesmead, púpọ̀ nínú wa ló ń sanwó fún fídíò dróònù báyìí. Àwọn kan ń gbà á fún òkú àgbà tàbí ìgbéyàwó nílé, àwọn mìíràn fẹ́ fi mọ ibi tí bíríkìlà bá iṣẹ́ dé. Gbogbo oníkámẹ́rà ló ń sọ pé 4K ni tòun. Ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ló da inú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

4K ni iye àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán: 3840 ní ìbú, 2160 ní òró. Ìlọ́po mẹ́rin ti Full HD ni. Ṣùgbọ́n kò sọ bí àwòrán náà yóò ṣe mọ́ tó. Ohun mẹ́ta mìíràn wà tó yẹ kí ẹ bèèrè.

Èkíní ni sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ojú tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀. Ẹ gbé igbá àti ife sínú òjò, ẹ ó rí èyí tó gba omi jù. DJI Mini 4K (2024) àti DJI Mini 4 Pro (2023) jọ ń ya 4K, ìwọ̀n àwọn méjèèjì kò sì tó gíráàmù 250. Àmọ́ sẹ́ńsọ̀ Mini 4K jẹ́ 1/2.3 ínǹṣì, ti Mini 4 Pro jẹ́ 1/1.3, èyí tó fẹ̀ ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Lọ́sàn-án gangan, ẹ lè má rí ìyàtọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú tí ijó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná, àwòrán sẹ́ńsọ̀ kékeré á máa ṣe wínníwínní bí iyanrìn.

Èkejì ni iye dátà tí kámẹ́rà ń kọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mini 2 SE, tí kò tilẹ̀ dé 4K, ń kọ mẹ́gábíìtì 40, Mini 4K ń kọ 100, Mini 4 Pro ń kọ 150. Bí dátà bá kéré, ewé igi àti páànù òrùlé á dà pọ̀ mọ́ra.

Ẹ̀kẹta ni iye àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá. Ní 4K, Mini 4K ń ya 30, Mini 4 Pro lè ya 60. 60 dára fún ijó, nítorí a lè dẹ eré rẹ̀ kí ó má sì máa já.

Bí ẹ bá fẹ́ fi oníkámẹ́rà méjì wéra, ẹ ní kí wọ́n ya ibì kan náà, ní wákàtí kan náà. Ẹ wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, kì í ṣe lórí fóònù. Ẹ má sì fi èyí tó gba orí WhatsApp wá ṣe ìdájọ́, torí WhatsApp máa ń fún fídíò pọ̀ kó lè fúyẹ́. Ẹni tó ń fi irú rẹ̀ wo ilé lè má rí i pé ògiri ti sán. Ní mẹ́gábíìtì 100, ìṣẹ́jú kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́gábáìtì 750. Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n fi ojúlówó fáìlì sí Google Drive tàbí kí wọ́n fi fláàṣì rán an.

Ẹni tó fẹ́ ra tirẹ̀ níbí, kó mọ òfin. Láti January 1, 2026, ẹni tó bá ń fò dróònù tó tó gíráàmù 100 gbọ́dọ̀ gba Flyer ID lọ́dọ̀ CAA. Bí ó bá ní kámẹ́rà, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ gba Operator ID. Woolwich àti apá kan Thamesmead sì wà nínú agbègbè tí London City Airport fi òfin dè, bó ti wù kí dróònù kéré tó, àfi kí ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ. Ní Nàìjíríà, NCAA àti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò ló ń fúnni láṣẹ. Ẹ má dì í sínú ẹrù láìní ìwé.

Owó tí a fi òógùn wá kò ní bómi lọ o.