Ohun Tí Ó Wà Lọ́wọ́ Òǹtẹ̀wé Ọmọdé

Nígbà tí ìwé àwọn ọmọdé kò ní ọ̀nà mìíràn tí ó lè gbà dé ọwọ́ wọn ju ilé ìtàwé àti ilé ẹ̀kọ́ lọ, olè tí ó bá fọ́ ilé iṣẹ́ òǹtẹ̀wé kò lè rí ju páálí ìwé, bébà òfìfo àti owó inú dúrọ́ọ̀ kó lọ. Òǹtẹ̀wé kò mọ ọmọ tí ń ka ìwé rẹ̀. Ọmọ náà kò sì mọ òǹtẹ̀wé, àfi orúkọ tí ó rí lẹ́yìn ìwé. Nǹkan ti yí padà. Lónìí, ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ lè máa ta ìwé tí a fi orúkọ ọmọ gan-an sínú ìtàn rẹ̀, ó lè máa gba owó lóṣooṣù lọ́wọ́ òbí fún ìtàn tí ọmọ ń kà lórí fóònù, ó sì lè ní ibi tí ọmọ ti ń gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti ń kàwé. Nípa bẹ́ẹ̀, orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, àdírẹ́sì ilé àwọn òbí rẹ̀ àti ohùn ẹnu rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ mìíràn ju kí ó wá ìtàn dáradára àti àwòrán tí ó lẹ́wà lọ.

Ìbéèrè tí ó wá dojú kọ àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn òbí ni pé, nínú irú àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké bẹ́ẹ̀, èwo ni a lè fi orúkọ ọmọ lé lọ́wọ́? Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ èyí tí ó dára jù nínú ìwé méjì, yóò ṣí wọn, yóò sì kà wọ́n. Ṣùgbọ́n ààbò kò ṣeé ṣí wò bí ìwé. Ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mọ̀ pé kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó sì mú kí ọ̀ràn ọmọdé wúwo ju ti àgbàlagbà lọ ni èyí: bí olè bá jí nọ́ńbà káàdì báńkì àgbàlagbà, báńkì yóò pa káàdì náà rẹ́, yóò sì fún un ní òmíràn. Ta ni yóò fún ọmọ ní ọjọ́ ìbí mìíràn?

Ọ̀ràn ilé iṣẹ́ VTech ti Hong Kong fi èyí hàn kedere. Ilé iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré rárá. Ọdún 1976 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ohun ìṣeré tí ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà àti ìṣirò sì wà lára ohun tí ó fi lókìkí. Ó ní ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ń jẹ́ Learning Lodge, níbi tí àwọn òbí ti ń gba eré àti ìwé sínú ohun ìṣeré àwọn ọmọ wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, ẹnì kan wọ ibẹ̀ lọ́nà àìtọ́. Àkọsílẹ̀ òbí tí ó tó mílíọ̀nù 4.8 ni ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀, pẹ̀lú ti àwọn ọmọdé tí ó lé ní mílíọ̀nù 6: orúkọ wọn, ọjọ́ ìbí wọn, àti bí wọ́n ti jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Nítorí pé a so àkọsílẹ̀ ọmọ mọ́ ti òbí, ẹni tí ó bá ní méjèèjì lọ́wọ́ lè mọ ilé tí ọmọ ń gbé. Àwòrán wà nínú ohun tí ó rí, ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ ń bá òbí wọn sọ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò mọ̀ títí oníròyìn kan fi kọ̀wé sí i láti béèrè.

Èyí tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fiyè sí jù ni ẹ̀sùn tí àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ọ̀ràn òwò fi kàn án lẹ́yìn náà. VTech ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn òbí pé òun yóò sọ ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àkọsílẹ̀ wọn di àrokò tí ẹni tí kò bá ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò ní lè kà. Àjọ náà ní kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, ilé iṣẹ́ náà gbà láti san 650,000 dọ́là. Lára òfin tí wọ́n fi mú un ni èyí tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1998 láti dáàbò bo àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń fi ilé iṣẹ́ kan wé èkejì nípa kíka ìlérí tí wọ́n kọ sílẹ̀, ìlérí ni ó fi wé ìlérí. Kò tíì fi ààbò wé ààbò.

Àwọn oní ilé iṣẹ́ kékeré máa ń sọ pé, “Ta ni yóò wá wò wá? Kí ni a ní?” Ọ̀rọ̀ yìí kò bá òtítọ́ mu. Olè orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ilé. Ẹ̀rọ ni ó ń rán láti máa ti ilẹ̀kùn wò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilẹ̀kùn lóòjọ́, ẹ̀rọ náà kò sì mọ ilé olówó yàtọ̀ sí ilé tálákà. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Èyí tí ó bá lanu nínú wọn ni ẹ̀rọ náà ń wọ̀.

Ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ kékeré kan tí ń jẹ́ Spiral Toys ń ta ẹranko ìṣeré onírun tí ó pè ní CloudPets. Òbí tí ó wà ní ìrìn àjò lè sọ̀rọ̀ sínú fóònù rẹ̀, ọmọ yóò sì gbọ́ ohùn náà láti inú ẹranko ìṣeré, yóò sì fèsì padà. Èrò tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún 2017, Troy Hunt, ọmọ Ọsirélíà tí ń ṣe ìwádìí irú nǹkan báwọ̀nyí, kéde rẹ̀ pé àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà náà, tí wọ́n lé ní 800,000, ti wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí ọ̀rọ̀ aṣínà kankan níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà ni ọ̀rọ̀ àṣírí tí kọ̀ǹpútà ń béèrè kí ó tó gba ènìyàn wọlé. Láti ibẹ̀, ó ṣeé ṣe láti dé ibi tí ohùn àwọn ọmọ àti òbí wà, èyí tí ó lé ní mílíọ̀nù 2. Àwọn tí ó rí ilẹ̀kùn náà ní ṣíṣí kọ̀wé láti kìlọ̀ fún ilé iṣẹ́ náà, wọn kò rí èsì. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, àwọn ìsọ̀ ńláńlá ní Amẹ́ríkà kó CloudPets kúrò lórí àtẹ wọn.

Nítorí irú àwọn ọ̀ràn báyìí, iṣẹ́ kan ti dìde tí àwọn baba wa kò mọ̀: iṣẹ́ fífún ilé iṣẹ́ ní máàkì lórí ààbò. SecurityScorecard ti New York jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣe é. Láti A dé F ni ó ń fún ni, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Láti ìta ni wọ́n ti ń wò. Wọn a wò ó bóyá ọ̀rọ̀ tí ń lọ láàárín oníbàárà àti ojú òpó ilé iṣẹ́ náà wà nínú àrokò, bóyá ètò tí ó ń gbé ojú òpó náà ró ti gbó láìtún ṣe, àti bóyá ilẹ̀kùn kan wà ní ṣíṣí tí kò yẹ kí ó ṣí. Iṣẹ́ náà wúlò, ṣùgbọ́n aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Ọ̀pọ̀ òǹtẹ̀wé kékeré kò ní ilé ti ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n háyà yàrá lọ́wọ́ onílé ńlá tí ó ní ẹ̀ṣọ́ àti ògiri gíga. Máàkì A tí òǹtẹ̀wé gbà lè jẹ́ ti onílé. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá, níbi tí òṣìṣẹ́ kan ti kó orúkọ gbogbo ọmọ tí ó ra ìwé jọ sínú fáìlì kan ṣoṣo, tí ó fi ránṣẹ́ sí ayàwòrán, tí ayàwòrán sì tọ́jú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tí gbogbo ará ilé rẹ̀ ń lò, ojú ẹni tí ó dúró ní títì kò lè tó o. Lójú ẹni tí ó bá rò ó dáadáa, máàkì burúkú yẹ ní gbígbàgbọ́ ju máàkì dáradára lọ: bí ará ìta bá rí i pé ilẹ̀kùn ṣí, ilẹ̀kùn ṣí ni.

Ètò tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ ní ọdún 2014, tí wọ́n pè ní Cyber Essentials, sún mọ́ inú ilé díẹ̀ sí i. Nínú ìpele kìíní rẹ̀, ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò dáhùn ìbéèrè nípa ohun tí ó ń ṣe, ẹlòmíràn yóò sì yẹ ìdáhùn náà wò. Nínú ìpele kejì, àwọn olùyẹ̀wò yóò dán kọ̀ǹpútà rẹ̀ wò. Òǹtẹ̀wé kékeré tí ó ti gba ti ìpele kejì ti ṣe ohun tí ó ju ti ọ̀pọ̀ ilé ńlá lọ.

Ọ̀nà kan tún wà tí olè ń gbà wọlé tí máàkì kò lè dé. Ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Filippo Bernardini, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ atẹ̀wéjáde ńlá kan ní London. Láti ọdún 2016 ni ó ti ń kọ ímeèlì sí àwọn òǹkọ̀wé, àwọn aṣojú wọn àti àwọn olóòtú, ní orúkọ ẹlòmíràn, kí wọ́n lè fi ìwé tí a kò tíì tẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Kò fọ́ ilẹ̀kùn kankan. Ó gba àdírẹ́sì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó lé ní 160, tí wọ́n jọ ti àwọn ilé iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn inú iṣẹ́ náà mọ̀. Níbi tí lẹ́tà m bá yẹ kí ó wà, òun a fi r àti n sí i, ojú tí ń kánjú a sì kà á ní m. Báyìí ni ìwé tí ó lé ní 1,000 ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́. Wọ́n mú un ní New York ní oṣù kìíní ọdún 2022, ó jẹ́wọ́ ní kóòtù ní ọdún kejì rẹ̀, wọ́n sì ní kí ó san 88,000 dọ́là.

Ìlànà kan wà, tí a ń pè ní DMARC, tí òǹtẹ̀wé lè fi kéde fún gbogbo àwọn tí ń gba ímeèlì wọlé fún ènìyàn pé kí wọ́n kọ lẹ́tà tí ó bá purọ́ pé ọ̀dọ̀ òun ni òun ti wá. Ó dára kí ilé iṣẹ́ lò ó, ẹnikẹ́ni sì lè wò ó láti ìta bóyá wọ́n ń lò ó. Síbẹ̀ kò lè dá irú Bernardini dúró, nítorí pé àdírẹ́sì tí ó gbà fúnra rẹ̀ ni ó fi ń kọ̀wé. Ohun tí ó lè dá a dúró ni kí olóòtú tẹ ẹni náà láago, lórí nọ́ńbà tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó tó fi ohunkóhun ránṣẹ́. Níhìn-ín ni ilé kékeré ti lágbára ju ilé ńlá lọ, nítorí pé níbi tí òṣìṣẹ́ mẹ́rin wà, gbogbo wọn mọ ohùn ara wọn.

Ti pé kí ilé iṣẹ́ lè padà bọ̀ sípò lẹ́yìn ìkọlù kò gba àlàyé púpọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, àwọn olè ti àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ Macmillan ní New York pa, fún ọjọ́ bíi mélòó kan kò sì lè fi ìwé tí àwọn oníbàárà béèrè fún ránṣẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ó kan ilé ìkàwé ńlá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, British Library. Ilé ìkàwé náà ní ẹ̀dà àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ìpamọ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà àti ètò tí yóò gbé wọn padà lé ti bàjẹ́. Oṣù kìíní ọdún 2024 ni àwọn ènìyàn tó tún rí ìwé atọ́ka rẹ̀ lò, owó tí ó ń san fún àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán, ti ìwé ọmọdé pẹ̀lú, sì pẹ́. Nítorí náà, bíbéèrè bóyá ilé iṣẹ́ ní ẹ̀dà kò tó. Ó yẹ kí a béèrè ọjọ́ tí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ kẹ́yìn.

Bí a bá wá fi òǹtẹ̀wé méjì wé ara wọn, kí á sọ pé máàkì B ni èkíní gbà, tí èkejì gba A. Èkíní ń ta ìwé fún àwọn ilé ìtàwé nìkan. Orúkọ àwọn oníṣòwò ni ó ní, kò ní orúkọ ọmọ kankan. Èkejì ní orúkọ, ọjọ́ ìbí àti ohùn ọmọ tí ó pọ̀, ó sì ti tọ́jú wọn láti ọdún mẹ́wàá, bí ọ̀pọ̀ nínú wọn tilẹ̀ ti dàgbà kọjá ìwé rẹ̀. Lójú oníṣirò, èkejì ni ó borí. Lójú òbí, èkíní ni kò léwu, nítorí pé olè kò lè jí ohun tí kò sí. Ibi tí ìwéra yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyí: kí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọ, ṣé ìwé náà kò lè dé ọwọ́ rẹ̀ láìsí i, àti ìgbà wo ni wọn yóò pa á rẹ́? Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ògiri àti kọ́kọ́rọ́ tó kàn.

Òfin ti fún àwọn òbí ní Nàìjíríà ní ẹsẹ̀ láti dúró lé tí wọ́n bá ń béèrè irú ìbéèrè yìí. Òfin ààbò àkọsílẹ̀ ẹni tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 sọ pé, níbi tí ó bá jẹ́ pé àṣẹ ni ilé iṣẹ́ fi ń lo àkọsílẹ̀ ọmọdé, òbí tàbí alágbàtọ́ ni yóò fún un ní àṣẹ náà. Bí jàǹbá bá sì ṣe àkọsílẹ̀ náà lọ́nà tí ó lè pa ènìyàn lára, láàárín wákàtí 72 tí ilé iṣẹ́ bá ti mọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ fi tó àjọ ìjọba tí ń rí sí i létí. Òǹtẹ̀wé tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta lè má ní agbẹjọ́rò tàbí amọ̀ṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ ra ìwé tàbí ètò ìkàwé lọ́wọ́ rẹ̀ lè kọ lẹ́tà sí i láti béèrè orúkọ ẹni tí yóò fi ìròyìn náà ránṣẹ́ láàárín wákàtí 72, àti ibi tí orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò wà títí di ìgbà náà.