Orúkọ Kan Náà fún Olú, Ẹ̀gẹ́ àti Ilá

Olú kan wà tó ń hù nínú igbó ilẹ̀ Yúróòpù, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Morchella esculenta. Ẹ̀gẹ́ ń jẹ́ Manihot esculenta lọ́dọ̀ wọn, kókò ń jẹ́ Colocasia esculenta, ilá sì ń jẹ́ Abelmoschus esculentus. Ọ̀rọ̀ Látìn ni ìkejì nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí, "èyí tó ṣeé jẹ" ni ó túmọ̀ sí, ìparí rẹ̀ sì lè yí padà nítorí pé akọ àti abo wà nínú gírámà èdè náà.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni ó ń tọ́ka sí ìdílé, òfin ìsọlórúkọ tí olú àti ewéko jọ ń lò kò sì gbà kí ìdílé olú àti ti ewéko jẹ́ orúkọ kan náà. Ọ̀rọ̀ kejì kò ní ìhámọ́ bẹ́ẹ̀ àyàfi nínú ìdílé kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí Ìgè méjì ṣe lè wà ní agboolé méjì láìjẹ́ ìbátan, tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe wáyé nìkan ni orúkọ náà sọ. Carl Linnaeus, ará Swídìn, ẹni tí ìwé rẹ̀ ti ọdún 1753 jẹ́ ìpìlẹ̀ òfin yìí, fi ọ̀rọ̀ náà sọ olú yẹn, kókò àti ilá lórúkọ nínú ìwé kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti kó wọn lọ sí ìdílé mìíràn; onímọ̀ ewéko kan tó ń jẹ́ Crantz ni ó fún ẹ̀gẹ́ ní tirẹ̀ ní 1766. Láyé Linnaeus, ewéko ni wọ́n ka olú sí. Ó ti wá hàn lónìí pé olú, tí kì í fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ ara rẹ̀, sún mọ́ ẹranko ju ewéko lọ, ṣùgbọ́n òfin náà kò tíì pínyà.

Orúkọ yìí kò ṣe onígbọ̀wọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ jẹ wọ́n ní tútù. Èròjà kan nínú ẹ̀gẹ́ a máa di májèlé sáyánáìdì, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n ń jẹ́ kó kan, tí wọ́n ń fún omi rẹ̀ dànù kí wọ́n tó yan án ní gàrí. Kókò tútù a máa yún ọ̀fun. Morchella pàápàá a máa da inú rú bí kò bá jinná. Ilá nìkan ni orúkọ náà rò láìkù síbì kan.

Èyí tó burú jù ni Gyromitra esculenta, olú mìíràn tí onímọ̀ olú kan tó ń jẹ́ Persoon fún ní ọ̀rọ̀ kan náà ní 1800, tí májèlé inú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, tó sì ti pa ènìyàn ní Yúróòpù. Síbẹ̀, wọ́n ń tà á ní Fínlándì pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kí wọ́n bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì nínú omi púpọ̀, kí wọ́n da omi náà nù, kí fèrèsé sì wà ní ṣíṣí, nítorí pé májèlé náà ń bá ooru jáde. Kò sì sí ẹni tó lè gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí òfin kò fàyè gbà kí wọ́n pa orúkọ tó ti fìdí múlẹ̀ rẹ́ kìkì nítorí pé ìtumọ̀ rẹ̀ kò yẹ ohun tó ń jẹ́ ẹ.